Pátákó Tí O Fẹ́ Rì Síwájú Ilé Amọ̀kòkò

Àdúgbò Amọ̀kòkò,
Èjìgbò.
Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún Ògìyán tó dé.

Àkànní ọkọ mi,

Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe ń dún kanlẹ̀ lórí fóònù níjẹta. Nítorí náà n kò ní fi ìkíni gba àyè lórí ìwé. Inú ń bí mi, ọmọ mi. Inú ń bí mi débi pé mo ti ya ìwé méjì dànù kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìkẹta yìí. Mo lè pè ọ́ padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí fóònù, atẹ́gùn ní í gbé e lọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ, mo fẹ́ kí o lè tún un kà lọ́jọ́ tí n kò bá sí mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ní Òṣogbo, ní ọ́fíìsì tí ń bójú tó àṣà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ta ló yọ̀ tó mi? Mo ṣe sàráà, mo dín àkàrà fún gbogbo àdúgbò. Mo ní ọmọ tí ó ń ṣa àpáàdì jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti kékeré ti rí iṣẹ́ tí ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò gbé lé ọ lọ́wọ́ ni pé kí o lé àwọn tí ó fún wa nílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, tí o ní kí n bá ọ wò kí wọ́n tó kọ ọ́ sára pátákó, mo ti wò ó. Mo gbé awò sójú, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí o kọ nìyí:

"Ní ayé àtijọ́, akọni ọmọ aládé kan gbéra láti Ilé-Ifẹ̀. Ó tẹ̀dó síbí nínú igbó kìjikìji tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí. Òun ni ó fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ yìí. Àwọn amọ̀kòkò tí ó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ àlejò tí ó dé lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n sì ti gbà láti kó lọ síbòmíràn."

O kọ ọ́ dáadáa. Yorùbá rẹ dùn. Irọ́ náà sì dùn bákan náà.

Jẹ́ kí n bi ọ́. Ilẹ̀ àpáàdì tí ó wà lẹ́yìn ilé Àdùnní amọ̀kòkò, ìwọ fúnra rẹ mọ̀ ọ́n. Àfọ́kù ìkòkò ni, tí wọ́n tò ní ìdúró, ọ̀kan kọjú síhìn-ín, èkejì kọjú sọ́hùn-ún, bí ẹni hun ẹní, láti ẹ̀yìn ààrò títí dé ìdí igi ìyeyè. Ìkòkò mélòó ni ènìyàn yóò mọ, tí yóò lò, tí yóò fọ́, kí àfọ́kù rẹ̀ tó tó tẹ́ gbogbo àgbàlá? Ìwọ sì sọ fún mi pé ọmọ aládé kan ṣoṣo ló rìn wọ inú igbó tí kò sí ènìyàn, ó sì ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣé adé ló fi po amọ̀ ni? Àbí ó di ìkòkò sórí ẹṣin láti Ifẹ̀ wá?

N kò sọ pé ọmọ aládé kò wá. Ó wá. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run foríjì í, nínú ìdílé àwọn tí ó tẹ̀ lé e wá ló ti jáde, ìwọ náà sì ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó bá ènìyàn nílẹ̀, àwọn tí ó bá nílẹ̀ ń mọ ìkòkò, ìwọ sì ti fi bírò pa wọ́n rẹ́.

Nígbà tí mo pè ọ́, ẹ̀rín lo fi dá mi lóhùn. O ní, "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀ jàre. Ìtàn àtijọ́ ni. Kí Òyìnbó kankan tó mọ etí òkun wa ló ti ṣẹlẹ̀. Kò lè pa ẹnikẹ́ni lára mọ́."

Kò lè pa ẹnikẹ́ni lára! Àkànní, mi ò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Wàsíù ọmọ Àdùnní, tí ẹ jọ lọ sí ilé kéú, tí ẹ jọ ń gun igi ìyeyè, ó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù káńsẹ́lọ̀ ní ọdún tó kọjá. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun ló ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti gbẹ́ kọ́tà nígbàkigbà tí òjò bá fẹ́ wọlé wa. Kí ni ẹgbẹ́ òṣèlú sọ fún un? Wọ́n ní àwọn ò lè fa àtọ̀húnrìnwá kalẹ̀, pé ọmọ onílùú ni àwọn ń wá. Àtọ̀húnrìnwá! Ọmọ tí a bí nínú ilé tí ìyá ìyá ìyá rẹ̀ kú sí. Ẹni tí wọ́n wá fún ní fọ́ọ̀mù, ìgbà mélòó ló ti sùn ní Èjìgbò láàárín ọdún méjì? Ṣùgbọ́n bàbá ńlá rẹ̀ bá ọmọ aládé wá. Ó ti tán. Òkú tí ẹnikẹ́ni kò mọ ojú rẹ̀ ló bá a wọlé ìbò, kọ́tà wa sì ti dí.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn. Bí ìbò bá ti ń bọ̀, wọn a hú Odùduwà sókè. Ìlú yìí á ní ọba tòun ló kọ́kọ́ dé adé, ìlú kejì á ní irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n ni tòun nínú àwọn ọmọ Odùduwà. Wọn a bú ara wọn lórí rédíò láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ọ̀nà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ ti di odò, kò sí ẹni tí ó bú ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn. A mọ ẹni tí ó gun ẹṣin àkọ́kọ́ wọ ìlú, a ò mọ ẹni tí ó kó owó ẹ̀rọ omi lọ. Ìwọ sì wá ní àtijọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ó dára. Ìdí tí mo fi mọ ohun tí mò ń sọ ni pé mo ti ṣe irú èyí tí o fẹ́ ṣe yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é. N kò sọ ọ́ fún ọ rí nítorí ojú ń tì mí.

Èkíní. O mọ̀ pé Àbíjàn ni mo gbé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó. Mo ń ru abọ́ tánganran kiri, bàbá rẹ ń ránṣọ. A gbé ibẹ̀ títí tí mo fi ń fi èdè wọn ṣépè. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le, àwọn kan níbẹ̀ rántí lójijì pé àwọn ní baba ńlá. Ọkùnrin kan tí ó ń ra abọ́ lọ́wọ́ mi láti ọdún pípẹ́ dìde lọ́jọ́ kan láàárín ọjà, ó gbá igbá abọ́ mi dànù. Ó ní, "Anàgó, rentre chez toi!" Anàgó ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbẹ̀, ó ní kí n máa lọ sílé mi. Ó ní àwọn baba òun ti ń jọba lórí ilẹ̀ yẹn kí àwa tó dé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa abọ́ mi nínú ẹrẹ̀, àwọn tí ó mọ̀ mí ń wò mí, wọ́n ń wo ibòmíràn. Mo búra lọ́jọ́ náà pé bí mo bá délé, ẹnikẹ́ni kò ní pè mí ní àlejò mọ́ láyé mi.

A délé. Ilé tí bàbá bàbá rẹ kọ́ ti ń wó, a ní a ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn síbẹ̀, bí gbogbo ẹni tó ti Àbíjàn dé ṣe ń ṣe. Àwọn tí ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ń gbẹ́ lọ, ọkọ́ wọn sì dún gbàà. Ilẹ̀ àpáàdì ni. Ó jáde láti abẹ́ ilé Amọ̀kòkò, ó wọ abẹ́ ilé tiwa. Ìyá Àṣàkẹ́, ìyá Àdùnní, jáde wá. Ìyá náà ti dàgbà nígbà náà, amọ̀ gbẹ mọ́ ọn lápá títí dé ìgúnpá. Ó kúnlẹ̀, Àkànní. Àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, "Rábí, jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ. Àwọn ìyá wa ló tò ó. A kì í fọ́ ọ, ńṣe là ń gbálẹ̀ orí ẹ̀."

Mo dá a lóhùn. N kò gbọ́dọ̀ parọ́ fún ọ, ohun tí mo sọ ni pé, "Ìyá, kòkò àfọ́ lásán lẹ ń kúnlẹ̀ fún? Ẹ dìde, ẹ jẹ́ káwọn èèyàn ṣiṣẹ́." Mo wọ góòlù lọ́rùn nígbà tí mò ń sọ ọ́. Àwọn alágbàṣe fi dígà hú àpáàdì náà, wọ́n fi bárò kó o, wọ́n dà á sínú ìpìlẹ̀ yàrá iwájú láti fi kún un, wọ́n da sìmẹ́ńtì lé e lórí. Yàrá rẹ ni, Àkànní. Yàrá tí o ti kọ́ ìrìn. Bí o ṣe ń ṣubú, tí o ń dìde, orí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wọn lo wà. Àpáàdì tí ó sì ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé, tí ìjọba fẹ́ fi ọgbà yí ká kí àwọn àlejò lè máa wá wò ó, ìyókù ohun tí èmi fọ́ ni.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́: má ṣe kọ ọ́ láéláé pé ilẹ̀ kan ṣófo. Kò sí ilẹ̀ tó ṣófo. Bí wọ́n bá ti sọ fún ọ pé igbó kìjikìji ni baba ńlá àwọn bá, béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló fi ọ̀nà hàn án nínú igbó náà, ta ló bu omi fún un mu, nínú ìkòkò wo. Bí wọn kò bá lè dáhùn, gbé bírò rẹ sílẹ̀.

Èkejì sì burú jù ú lọ, nítorí ẹnu ni mo fi ṣe é. Ẹyin lohùn, Àkànní. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí a kọ́lé tán, wọ́n pe ìpàdé láti yan obìnrin kan tí yóò máa ṣojú àdúgbò wa lọ́dọ̀ àwọn káńsù. Gbogbo ènìyàn ní Ìyá Àṣàkẹ́ ni, nítorí ó mọ gbogbo ilé, ó sì máa ń sọ òótọ́ lójú àgbà. Èmi náà fẹ́ ẹ. Mo ti ti Àbíjàn dé, mo ní ojú mi ti là. Mo dìde láàárín wọn, mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn amọ̀kòkò kì í ṣe onílẹ̀. Àlejò ni wọ́n. Ṣé àlejò ló máa ṣojú onílé ni?" Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá Àṣàkẹ́ ò bínú. Ó kàn wò mí, ó ní, "Rábí, nígbà tí bàbá ọkọ ẹ gbẹ́rù dé láti oko, tó ń wá ibi tó máa kọ́lé sí, ta ló fún un nílẹ̀?"

Gbogbo wọn mọ ìdáhùn náà, èmi nìkan ni n kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo délé, mo bi bàbá rẹ. Ó fà sẹ́yìn, ó ní, "Àwọn ni. Bàbá mi gbé obì lọ bá wọn. Wọn ò gba nǹkan kan, àfi pé ká má dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ gbẹ́ amọ̀." Ìgbà náà ni mo jókòó sórí àga, tí mo rí ọkùnrin tí ó gbá abọ́ mi dànù. Mo rí i kedere. Èmi ni.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì mí, ó tilẹ̀ fún mi ní àmù kan tí mo ṣì ń bu omi mu nínú rẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣa ọ̀rọ̀ náà padà bí mo ṣe ṣa abọ́. Nígbà tí wọ́n kọ Wàsíù, ṣé o mọ ohun tí àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ náà sọ? Wọ́n ní, "Alájà pàápàá ti sọ ọ́ nípàdé láyé ọjọ́sí pé àlejò ni wọ́n." Èmi ni Alájà náà. Ọ̀rọ̀ ìlara tí mo sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ti di ìtàn ìlú, ó ti lé ọmọ ẹlòmíràn kúrò lórí fọ́ọ̀mù. Tèmi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, Àkànní. Tìrẹ fẹ́ jẹ́ pátákó onírin tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lù. Ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò máa kà á.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ èyí náà, n kò mọ̀ bóyá ìkẹta ni tàbí ìkẹrin, mo ti ṣi kíkà: máa béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin. O sọ fún mi pé ọ̀gá rẹ ní kí o kọ ọ́ bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́. Àwọn àgbà wo? Mo rí yín lọ́jọ́ tí ẹ wá. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí ó dé fìlà lẹ jókòó tì lábẹ́ ìbòòji, ẹ ń ya fọ́tò. Àdùnní wà níwájú yín tí ó ń dán ìkòkò, ẹnikẹ́ni nínú yín kò bi í léèrè ju omi mímu lọ. Gbogbo wa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé obìnrin kan jọba rí ní Ilé-Ifẹ̀, pé òun ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ kí ẹrẹ̀ má ba ẹsẹ̀ òun jẹ́. Wọ́n ń sọ ti ayaba náà, wọ́n sì ń fi gbẹ̀fẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó béèrè àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń tò ó.

Bí o bá sì ní ẹ̀rí lo fẹ́, wo ohun tí ìlú ń ṣe, má wo ohun tí ìlú ń sọ. Mùsùlùmí ni mí, n kò bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́. Lọ́dọọdún, kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, níbo ni àwọn olórìṣà àdúgbò wa ti ń wá gba ìkòkò omi tuntun? Ilé Amọ̀kòkò. Bí wọ́n bá sì dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń bọ́ bàtà, ọmọ ìdílé adé tí ó bá wà láàárín wọn á ṣí fìlà, wọn a ní, "Onílẹ̀, ẹ fún wa ní nǹkan omi." Onílẹ̀! Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lọ́dọọdún, láti ayé tí kò sí ìwé. Bí ọdún bá kọjá, wọ́n á tún pe onílẹ̀ ní àlejò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ ìkòkò omi, ó sì ń padà wá lọ́dọọdún.

Kí o má baà rò pé mo ní kí o fi irọ́ mìíràn rọ́pò irọ́: má kọ ọ́ pé àwọn amọ̀kòkò ló kọ́kọ́ dé, pé àwa ìyókù ni àlejò. Mo bi Ìyá Àṣàkẹ́ rí. Ó ní, "Ìyá mi sọ fún mi pé nígbà táwọn ìyá wa dé ibí, wọ́n bá orí ààrò nílẹ̀, eérú ṣì wà nínú ẹ̀." Ṣé o rí i? Àwọn náà bá ẹnìkan. Bí a bá sì rí àwọn tí ó ni ààrò, àwọn náà yóò ní àwọn bá ẹnìkan. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé a ti fi ọ̀rọ̀ "ta ló kọ́kọ́ dé" ṣe ọ̀pá, a ń fi lu ara wa. Ní ọdún Ògìyán, ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ a fi àtòrì na ara wọn, ẹgba á dún lára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní ó tó, ó ti tó nìyẹn, wọn a jọ jẹ iyán. Àwọn àgbà àtijọ́ mọ bí a ti ń ja ìjà tí ó ń parí. Àwọn olóṣèlú tí ó ń fi orúkọ àgbà àtijọ́ jẹun kò mọ̀ ọ́n.

Wo ọ̀rọ̀ ọgbà yẹn náà. Wọ́n fẹ́ àpáàdì, wọn kò fẹ́ ẹni tó ni àpáàdì. Ilé méje ni wọ́n fẹ́ wó, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, kí àlejò lè wá wo ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò láyé àtijọ́. Wọn yóò lé amọ̀kòkò lọ, wọn yóò wá ya àwòrán amọ̀kòkò sára ògiri! O tún kọ ọ́ pé "wọ́n ti gbà láti kó lọ." Ta ló gbà? Mo bi Àdùnní. Ó pa ọwọ́ amọ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ní, "Alájà, ìwé táwọn èèyàn yẹn gbé wá, wọ́n ní ká fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pé wọ́n wá kí wa ni." Ìgbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni mo sunkún. Àwọn tí kò ní ìwé, tí ìka wọn ṣì wà lára gbogbo ìkòkò tí ó wà nílẹ̀, ìka yẹn náà ni ẹ gbà lọ́wọ́ wọn láti fi lé wọn.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà mí, iṣẹ́ tuntun ni." Ọkọ mi, mo mọ̀. Mo mọ ọdún tí o fi jókòó sílé. Mo mọ bí o ṣe ń jáde láàárọ̀ pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, tí o ń padà tí o ń sọ pé o ti jẹun níta, tí n kò sì bi ọ́ léèrè ohun tí o jẹ. N kò fẹ́ kí o padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n rán ọ pé kí o kọ pátákó, kọ ọ́. Kọ ọ́ pé ọmọ aládé wá láti Ifẹ̀, ó bá àwọn amọ̀kòkò nílẹ̀, wọ́n fún un lómi mu, wọ́n sì ń mọ ìkòkò níbẹ̀ dòní. Gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ, kí o wí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí o pè é ní sà, kí o má gbé ohùn sókè. Sọ fún un pé o ti padà bi àwọn tó ni ín, wọn kò gbà láti kó lọ, ìwé tí wọ́n tẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Bí ó bá ní kí o yí i padà, sọ pé ìyá rẹ ní kí o má yí i. Bí ó bá tìtorí ìyẹn lé ọ, máa bọ̀ nílé. Mo ṣì lè ru abọ́.

Ó ku ohun kan. Nínú ọ̀rá tí awakọ̀ yóò fún ọ pẹ̀lú ìwé yìí, o máa rí àpáàdì kan. Má sọ ọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbé e sórí tábìlì ọ́fíìsì rẹ. Ìlà ọnà wà lára rẹ̀, bí o bá sì yí i sẹ́yìn, wàá rí ibi tí àtàńpàkò obìnrin kan ti tẹ amọ̀ náà kí ó tó gbẹ. Mo fi àtàńpàkò mi sínú rẹ̀, ó gbà á wẹ́kú.

Bí o bá ń béèrè ibi tí mo ti rí i, abẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ ni. Mo pe bíríkìlà láàárọ̀ àná, mo ní kí ó fọ́ sìmẹ́ńtì náà. Ó rò pé orí mi ti dàrú. Báàfù mọ́kàndínlógún la ti kó jáde, Àdùnní àti àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ń ru ú lọ, wọ́n ń dà á jọ sídìí igi ìyeyè. Ó ní a kò lè tò ó bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a ó gbìyànjú.

Nítorí náà yàrá rẹ kò ṣe é sùn mọ́. Bí o bá dé fún ọdún, ilé Amọ̀kòkò ni wàá sùn. Mo ti bi Àdùnní, ó ní kò burú, òun yóò tẹ́ ẹní fún ọ. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, bọ́ bàtà rẹ, kí o sì kí wọn dáadáa, nítorí àlejò wọn ni ọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Rábíátù,
tí ó ń bínú sí ọ, tí ó sì fẹ́ràn rẹ ju ìbínú náà lọ.